Gbólóhùn Ìlù Tí Mo Gé Sí Méjì

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bódìjà. Àwọn àyàn méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bàbá àgbàlagbà tó ń lu ìyáàlù. Bàbá yìí mọ iṣẹ́. Bí àlejò bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, ìlù á ti kí i kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo yọ fóònù mi, mo gba ohùn ìlù náà sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló máa ń béèrè níbi ìnáwó? Gbogbo èèyàn ló gbé fóònù sókè.

Lásìkò yẹn, mo ń ṣe áàpù kan fún oníbàárà mi kan tó ń bá àwọn ọlọ́jà gba àjọ. Ó fẹ́ kí nǹkan kan máa dún lórí fóònù tí owó bá wọlé. Àwọn èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń dún bí aago ilé ìwé. Mo bá rántí ìlù Bódìjà. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo wá ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò ti pọ̀, mo gé bí ìṣẹ́jú àáyá méjì jáde. Ó dùn. Oníbàárà mi fẹ́ràn rẹ̀, ó san owó mi pé. Àwọn ọlọ́jà náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí n tó tún pàdé bàbá náà, níbi ìsìnkú kan ní Agbowó. Inú mi dùn láti rí i. Mo sáré lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán sà. Bàbá, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ìlù yín ṣe." Mo tẹ fóònù. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n tún un tẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo ni nǹkan yìí máa ń dún?" Mo ní tí owó bá wọlé ni. Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kejì kò gùn tó ti àkọ́kọ́.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ohun tó ń fi ìlù sọ lọ́jọ́ náà ni pé, "Owó kò ní tán nílé yìí." Àdúrà ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ni "owó kò ní" bọ́ sí, mo sì ti gé e dànù. Ohun tó wá kù, tó ń dún létí àwọn ọlọ́jà lójoojúmọ́, ni "tán nílé yìí."

Odidi ọdún kan! Bí owó bá ṣe ń wọlé, ìlù á máa kéde pé ó ti tán. Ẹ lè sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀, torí àwa tí a gbọ́ èdè ìlù kò pọ̀ mọ́. Òótọ́ ni, èmi gan-an kò gbọ́ ọ. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ń retí pé kó béèrè owó. Kò béèrè owó. Ohun tó béèrè ni pé, "Kí ni orúkọ mi?"

N kò mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Tí èèyàn bá mú ohun tí ẹlòmíràn ṣe, tó fi kọ́ ohun tuntun, kí ló jẹ ẹni náà? Ṣé owó ni? Ṣé orúkọ ni? Ṣé kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan, torí pé ohun tó ti bọ́ sí gbangba ti di ti gbogbo ayé?

Nínú iṣẹ́ tiwa, kò sí ẹni tó ń kọ kóòdù láti òfo. Áàpù àjọ tí mo ń sọ yìí, tí ẹ bá tú u wò, díẹ̀ ni èmi fúnra mi kọ níbẹ̀. Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ àwọn èèyàn tí n kò fojú rí rí, tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn sórí GitHub pé kí ẹni tó bá wù máa lò ó. Open source là ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní MIT kò ju ìpínrọ̀ mélòó kan lọ, ohun tó sì béèrè kò ju pé kí o má ṣe yọ orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà àti ìwé àṣẹ náà kúrò. Mo pa àdéhùn yẹn mọ́. Orúkọ àwọn ará Jámánì, Íńdíà àti Amẹ́ríkà wà nínú fáìlì mi. Bàbá tó ń lù ní Bódìjà, tí mo lè gun ọ̀kadà dé ilé rẹ̀ kí àkàrà tó tutù, òun nìkan ni kò ní orúkọ níbẹ̀.

Ẹnì kan wà tó ti bá ìbéèrè yìí pàdé kí wọ́n tó bí àwọn òbí púpọ̀ nínú wa. Fẹlá Ṣówándé ni. Kì í ṣe Fẹlá tí ẹ ń rò o.

Wọ́n bí Ṣówándé ní 1905. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú orin Yorùbá wọ inú ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Èkó, ọmọ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ní Cathedral Church of Christ tó wà ní Marina. Ní 1934 ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Orin ló padà gbà á. Ó ń tẹ jáàsì, ó ń kọ́ orin ilé ìwé lọ́wọ́ kan náà, nígbà tó sì di 1943 ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists, ọ̀kan lára oyè tó ga jù fún àwọn tó ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1944 ó kọ African Suite, orin alápá márùn-ún fún àwọn ohun èlò olókùn. Apá tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, tó ń jẹ́ Akinla, ni ilé iṣẹ́ rédíò CBC ní Kánádà fi ṣe orin ìdánimọ̀ fún ètò kan tó ń jẹ́ Gilmour's Albums, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 tí kò sì parí títí di 1997. Ẹ rò ó wò: àwọn ará Kánádà tó mọ ohùn Akinla dáadáa lè pọ̀ ju àwa ará Ìbàdàn tó mọ̀ ọ́n lọ.

Ó padà sílé ní 1953, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó kọ Folk Symphony fún òmìnira 1960, ó sì ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, ó ré kọjá sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State. Ìpínlẹ̀ Ohio ló kú sí ní 1987.

Ohun tó gbé mi lọ sọ́dọ̀ Ṣówándé ni ibi tó ti ń rí ohùn orin mú. Apá àkọ́kọ́ nínú African Suite, Joyful Day, dá lórí orin Ephraim Amu, olùkọ́ orin tí wọ́n bí ní Peki ní ilẹ̀ Gánà ní 1899. Orin náà ní ẹni tó ni ín, ẹni náà sì ní orúkọ. Títí di òní, ẹni tó bá ń ṣàlàyé African Suite máa dárúkọ Amu. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Oyigiyigi, fún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé ó dá lórí ohùn orin ìbílẹ̀ Yorùbá. Ìbílẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Ta ń jẹ́ ìbílẹ̀? Orin kì í hù bí olú. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ la ẹnu, bóyá níbi tó ti ń lọ ata, bóyá nínú àdúrà òru. Ẹnì kejì gbọ́ ọ, ó yí ibì kan padà. Ẹnì kẹta fi ìpàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ orin tó ní pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, orúkọ gbogbo wọn ti jábọ́ lọ́nà, orúkọ kan ṣoṣo tó máa wà lórí bébà sì ni ti ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú yín ti múra sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe bíìtì ní Challenge sọ ọ́ fún mi lójú. Ó ní, "Bàbá yẹn náà kọ́, kò dá a sílẹ̀. Ọwọ́ bàbá tiẹ̀ ló ti gbọ́ 'owó kò ní tán.' Ṣé ó ń sanwó fún bàbá ẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, n kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Tí a bá ní kí gbogbo ohùn ní ẹni tó ni ín, tí a ó máa tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ìlù gan-an á kú. Ohun tó jẹ́ kí ìlù wà láàyè ni pé ọmọ ń gbà á lọ́wọ́ bàbá láìsí ìwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi gbàgbé nǹkan kan. Àwọn tó ń gbà láìsí ìwé yìí kì í gbà láìsí ẹnu. Kí onílù tó bẹ̀rẹ̀, ìbà ló máa ń jú. Ìbà Àyàn, ìbà bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìbà àwọn tó lu ìlù kó tó dáyé. Onírárà ń jú u, oníjàálá ń jú u, babaláwo ń jú u. Orúkọ ìdílé wọn pàápàá jẹ́ ìbà: Àyànwálé, Àyànkúnlé, Àyándélé. Ohun tí ìwé àṣẹ MIT ń béèrè, tí a rò pé àwọn òyìnbó oníkọ̀ǹpútà ló dá a sílẹ̀, ó ti wà lẹ́nu onílù tipẹ́. Àyàn lè má san owó fún bàbá rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ṣe bí ẹni pé òun kò ní bàbá. Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà mo ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ báyìí: kí nǹkan jẹ́ tẹni, àti kí èèyàn jẹ gbèsè. Orin ìbílẹ̀ lè má jẹ́ ti ẹnì kan, kí ẹni tó mú un sì ṣì jẹ gbèsè. Ọmọ kì í ni òbí rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ni bàtà, síbẹ̀ ó jẹ òbí ní gbèsè.

Kí wá ni gbèsè náà? Orúkọ ni àkọ́kọ́, a ti sọ ìyẹn. Èyí kejì, ilẹ̀ Nọ́wè ni mo ti rí i. Edvard Grieg, tí wọ́n bí ní ìlú Bergen ní 1843, ni wọ́n mọ̀ jù nínú àwọn tó mú orin ìlú wọn wọ inú orin ìwé. Òun náà kúrò nílé bíi ti Ṣówándé: Leipzig ní Jámánì ló ti kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin kan wà ní agbègbè Telemark tó ń jẹ́ Knut Dahle, tó ń ta gòjé àwọn ará ibẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá kú, àwọn ohùn tí òun gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà á bá òun lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí Grieg pé kí wọ́n wá kọ wọ́n sílẹ̀. Ní 1901, Johan Halvorsen jókòó tì í, ó kọ mẹ́tàdínlógún. Grieg sọ wọ́n di orin dùùrù, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1903.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé Grieg fẹ́ kí èyí tí Halvorsen kọ bí Dahle ṣe ta á gan-an jáde pọ̀ mọ́ tòun. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ lè gbé méjèèjì síra, kó rí ibi tí Grieg ti yí nǹkan padà. Àwa tó ń kọ kóòdù mọ ìwúlò èyí: o lè tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe pa ọ̀nà tí èèyàn lè gbà padà dé orísun. Ká ní mo ti gbé odidi ìṣẹ́jú mẹ́ta ti Bódìjà síbì kan tí èèyàn lè gbọ́ ọ ni, ẹnì kan tó gbọ́ ìlù á ti sọ fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti gé àdúrà yín."

Gbèsè kẹta ló le jù lójú mi, òun ni ìtumọ̀. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, kò sì sí ẹni tó mọ ìyà rẹ̀ tó àwọn tó kọ́kọ́ ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lórí. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sókè, ohùn á máa sọ̀kalẹ̀. Tí ohùn orin bá ti "ọkọ" sísàlẹ̀ díẹ̀, ọkọ ìyàwó di ọkọ̀ ojú omi. Tó bá gbé e sókè, ó di ohun tí wọ́n fi ń kọ ebè. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ọ̀gá Ṣówándé, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1953, ó pè é ní Yoruba Music. Kókó rẹ̀ ni pé kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ẹ̀bi àwọn tó kọ́kọ́ kọ orin ìsìn wọ̀nyẹn àti ẹ̀bi tèmi, ọmọ ìyá ni wọ́n. A jọ mú ohun tó ń sọ̀rọ̀, a ṣe é bí ohun tó kàn ń dún. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì náà kò lè sọ gbogbo ohun tí ìyáàlù ń sọ. Kò lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí èkejì bí awọ ṣe ń yọ́ lábẹ́ apá. Ẹni tó bá gbé orin Yorùbá sórí dùùrù gbọ́dọ̀ pàdánù nǹkan. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọ ohun tó ń gé àti ẹni tí kò mọ̀. Aláṣọ tó mọ àwòrán ara àdìrẹ lè gé e láìba orí ẹyẹ jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ kàn ń gé aṣọ ni.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gé o. Ṣówándé fúnra rẹ̀ kò gbà kí wọ́n máa sọ fún olórin aláwọ̀ dúdú pé inú ọgbà ìbílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kó dúró sí. Ó pe irú èrò bẹ́ẹ̀ ní apartheid nínú iṣẹ́ ọnà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí Akinla bá dúró sí Èkó, Kánádà ì bá má gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà tó ń bá wọn jà fún òmìnira yìí tún jókòó ti àwọn babaláwo láti kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1969, ìwé Orúkọ Àmútọ̀runwá jáde ní Ìbàdàn, orúkọ méjì ló sì wà lára rẹ̀: Fẹlá Ṣówándé àti Fágbèmí Àjànàkú. Babaláwo ni Àjànàkú. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní "àgbàlagbà kan tó sọ fún wa," wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Ìwé nípa orúkọ sì ni.

Ìjọba náà dá sí i. Òfin ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọnà ti 2022 dáàbò bo ohun ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò, ó sì ní kí a dárúkọ ibi tí a ti mú un. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tàbí àwùjọ ni òfin fẹ́ gbọ́. Ká ní mo kọ "ìlù Yorùbá, Ìbàdàn" sínú áàpù mi, bóyá òfin á ní mo ṣe dáadáa. Bàbá yẹn á ṣì máa bi mí pé, "Kí ni orúkọ mi?"

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ onílù nìkan ni mo ń sọ. Lónìí, wọ́n ń gba ohùn àwọn èèyàn wa sílẹ̀ láti fi kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá. Ìyá tó ń pàlọ́ nínú fídíò, alága ìdúró tó ń dápàárá níbi ìgbéyàwó, gbogbo wọn lè di oúnjẹ ẹ̀rọ. Àwa ọ̀dọ́ la máa ṣe iṣẹ́ yẹn, a ó sì sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí i. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan: ibi ìnáwó ni mo ti rí i.

Kí ni mo ṣe? Mo lọ sílé bàbá. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó wò ó, ó ní mo ti ṣi àmì ohùn kan fi sí i. Ó tún gbólóhùn náà lù fún mi, odindi, láìsí jẹnẹrétọ̀. Oníbàárà mi ní ó ti gùn jù, pé ṣé n kò lè gé e díẹ̀. Mo ní a lè padà sí aago ilé ìwé, ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí kò ṣeé gé. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ọkàn mi kò sì balẹ̀, torí òun ló ń fún mi níṣẹ́ jù lọ́dún yẹn. Nígbà tó padà pè, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi orúkọ bàbá sínú ojú ewé tó ń sọ nípa áàpù náà. Oníbàárà ní kò sẹ́ni tó ń ka ojú ewé yẹn. Òótọ́ ló sọ. Mo mú lára owó mi fún bàbá, ó gbà á, ó ṣàdúrà. Títí di ìsinsìnyí n kò mọ̀ bóyá owó náà tó. Grieg dárúkọ Dahle, síbẹ̀ Grieg ni gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ nìkan kì í pín ọrọ̀. N kò ní ìdáhùn sí ìyẹn, ẹni tó bá ní kó sọ ọ́.

Ẹ ó ti rí i pé n kò kọ orúkọ bàbá síbí. Ó wà nínú áàpù torí pé ó ní kí n fi í síbẹ̀. Ti àròkọ yìí, n kò tíì lọ béèrè.